Làálì Ni, Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀

Àlàkẹ́, ọmọ mi,

Àṣàkẹ́ ìyá rẹ ti kú. Ó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ wa iṣu tuntun. Ó bímọ, ọmọ náà kò ké, ẹ̀jẹ̀ ìyá kò sì dá. Kí oòrùn tó dé àtàrí, àwọn méjèèjì ti lọ.

O mọ gbogbo èyí. Ìwọ lo gbé omi gbígbóná wọlé, ìwọ náà lo tún gbé e jáde. Ṣùgbọ́n mo ní kí Àáfà Bùráímọ̀ tó ń bá mi kọ ìwé yìí fi í ṣáájú, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa béèrè ohun tó lé arúgbó láti Òmù-Àrán dé Omupo láìsinmi, nítorí omi tí ìyàwó ilé kan fi ṣan irun.

Ọkàn mi ti balẹ̀. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, kí o má baà rò pé ìbínú ni mo fi ń ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo wà lọ́dọ̀ yín, n kò lè sọ̀rọ̀. Iyán ni mo ń jẹ, ẹnu kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ méjì. Lónìí, mo ráyè. Orúnkún mi wú láti ìrìn ọjọ́ náà, Àjíkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti di nǹkan kan lé mi lórí tó ní n kò gbọdọ̀ tú, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọdọ̀ dìde lórí àpótí tí mo jókòó lé títí òun yóò fi ti oko ẹ̀fọ́ dé. Èmi yóò sọ ohun tó wà lórí mi bó bá yá.

N kò mọ̀wé. Ohun tí mo bá sọ ni Àáfà ń kọ, ní ìlà Lárúbáwá tí bàbá ọkọ rẹ lè kà sí ọ létí. Bí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn jù, Àáfà ló fi oyin sí i. Èyí tó bá korò, tèmi ni. Àna mi, ẹ kú ìkàwé o. Ibi tí mo bá ti sọ̀rọ̀ ilé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó.

Ìwọ kò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ń pọ́n àdá lọ́wọ́ láàárọ̀ nígbà tí Sálíù àbúrò ọkọ rẹ já wọ àgbàlá. Kò dọ̀bálẹ̀, kò kí mi. Ọmọ ilé ire ni Sálíù, nítorí náà bí mo ṣe rí i lóòró báyẹn, mo ti ju àdá sílẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀. Àlàkẹ́ ni."

"Kí ló ṣe Àlàkẹ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Bàbá. Ó ṣàn jáde ní balùwẹ̀, ó ṣàn dé ojú ọ̀nà. Ìyá Ràbí ló rí i."

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"N kò rí i. Bí wọ́n ṣe pariwo ni wọ́n ní kí n máa sáré bọ̀. Àjàṣẹ́ ni ilẹ̀ ti ṣú mi."

Àjíkẹ́ wà níbẹ̀, ó wá gbálẹ̀ fún mi. Ó dá ìgbálẹ̀ dúró. "Sálíù, ṣé o gbọ́ òórùn omi náà?"

"Òórùn bí i ti kí ni?"

"Mo ní ṣé ó ń rùn bí ẹ̀jẹ̀ ni, àbí bí ewé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló dúró gbọ́ òórùn níbi tí wọ́n ti ń ké?"

"Ó dáa. Ṣé àwọn obìnrin ilé yín máa ń lo làálì?"

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, "Àbúrò rẹ ń kú lọ, làálì ni ìwọ ń béèrè! Orí rẹ pé báyìí?" Ó wò mí, ó sì padà sídìí ilẹ̀ tó ń gbá. Ká ní mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dé ìdí ni, orúnkún mi kì bá tí wú lónìí. Fi èyí sọ́kàn, a óò padà bá a.

Mo wọ yàrá. Ìyá rẹ hun kíjìpá méjì tó bára mu, ó ní ti ọjọ́ ogbó òun ni. Ọ̀kan ni a fi sin ín. Mo mú èkejì nínú apẹ̀rẹ̀, mo fi sábẹ́ apá, a sì gbọ̀nà.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Gbogbo ọ̀nà yẹn, ekòló ni mo ń sá fún, n kò sì mọ̀. Àwọn èèyàn kí mi ní Ọ̀rọ̀, wọ́n kí mi ní Àjàṣẹ́, n kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Sálíù ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká mu omi." Mo ní kó mu tirẹ̀ kó sáré bá mi. Mo ti pinnu pé èmi yóò gbé ọ wálé, ààyè ni o, òkú ni o. Mo sì ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún bàbá ọkọ rẹ. Mo sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún Àáfà báyìí, ó ní gègé òun kò lè kọ irú rẹ̀. Ẹ kò pàdánù nǹkan kan, àna mi.

Mo dé ẹnu ọ̀nà yín, n kò gbọ́ ẹkún. Ìyẹn tún bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ. Mo ní wọ́n ti sin ín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró odó, mo sì ń bi ara mi pé ta ló ń gúnyán nílé òkú. Mo yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká, mo sì rí ọ: ikùn rẹ ṣáájú, ọmọ odó wà lókè, orí rẹ pọ́n bí orí akọ alángbá.

"Háà, Bàbá! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kò ránṣẹ́ pé ẹ ń bọ̀."

"Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Oyún ńkọ́?"

"Ó wà níbí, ó ń tapá sí mi látàárọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú èèpo iṣu. Aṣọ náà bọ́ lábẹ́ apá mi. O wò ó, o sì mọ̀ ọ́n. O ju ọmọ odó sílẹ̀, o wá kúnlẹ̀ tì mí, o ní, "Bàbá, èmi lẹ mú èyí wá fún?" Mo ní kí ló ṣe orí rẹ.

"Làálì ni."

"Làálì wo ló ń pọ́n báyìí?"

"Mo fi osùn sí i ni, Bàbá. Mo kọ́kọ́ fi làálì nìkan, mo wo ojú mi nínú omi àmù, orí mi dúdú bó ṣe wà. Mo ní bí pupa kan kò bá dá a ṣe, kí n fi pupa mìíràn tì í lẹ́yìn."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá ọkọ rẹ fi jáde pẹ̀lú kẹ́ńdí àlùwàlá lọ́wọ́, tó ń béèrè bóyá oòrùn ló mú àna òun. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, n kò rẹ́rìn-ín, n kò sì sunkún. Àwọn ará ilé wa máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé n kò gbọ́, wọ́n ní mo ti dà bí ọ̀kan nínú àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tó jókòó, tó lajú sílẹ̀, tí kò sọ nǹkan. Ó dára. Òkúta náà la ẹnu lọ́jọ́ yẹn, nínú èèpo iṣu.

Báyìí ni mo ṣe wá mọ̀ pé omi inú balùwẹ̀ ló tán nígbà tí o ń ṣan orí, tí o gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sódò láti ṣan ìyókù. Omi osùn ṣàn gba abẹ́ ọgbà jáde. Ìyá Ràbí ìyáálé rẹ rí i, ó pe orúkọ rẹ, ìwọ kò dáhùn, ó sì fi igbe ta. Kí o tó ti odò dé, Sálíù ti lọ. Wọ́n rán ẹlòmíràn láti dá a padà, ọ̀nà oko ni onítọ̀hún gbà. Ó bá Àjíkẹ́ nìkan nílé mi. Ní ìgbà tí mo ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyí.

Èkíní, làálì kì í ṣe osùn. Osùn ni a mọ̀ jù nílùú wa: a fi ń kun ìyàwó, a fi ń kun abiyamọ, a fi ń pa ọmọ tuntun lára. Nítorí náà, ọmọ Òmù tó bá ń wá pupa, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sínú igbá osùn. Ṣùgbọ́n awọ ara ni osùn mọ̀, kò mọ irun. Ó kàn ń sùn lórí irun ni, bí omi bá dé á dìde máa lọ. Ẹní, ìrọ̀rí àti agbádá funfun ọkọ rẹ ni yóò bá ọ jẹ́rìí sí i. Osùn tí a dì fún ọ pàápàá, ti ọmọ inú rẹ ni. Dì í padà kí o má sì tún ṣí i títí ọmọ yóò fi ké.

Gbọ́ bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe é. Abẹ́ òjìji ni kí o sá ewé làálì sí, má sá a sínú oòrùn, oòrùn a gba àwọ̀ rẹ̀. Bó bá gbẹ, gún un, kí o fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, kó kúnná bí èlùbọ́. Fi omi ògì tó ti kan pò ó, kó ki bí ẹ̀kọ tó ń dì. Bò ó mọ́lẹ̀ kí o lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ṣú, tó kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ tó fi ipa sílẹ̀, ó ti tó lò. Fi díẹ̀ sẹ́yìn etí kí o sùn mọ́ ọn. Bó bá yún ọ, da ìyókù nù. Bí kò bá yún ọ, ya irun sí ọ̀nà-ọ̀nà bí ẹni fẹ́ di ṣùkú, kí o kùn ún láti ìdí dé ṣóńṣó. Fi ewé kókò wé e kí ooru orí má baà jáde, kí o di gèlè lé e, kí o jókòó títí ewúrẹ́ yóò fi wọlé. Omi lásán ni kí o fi ṣàn án. Má fi ọṣẹ dúdú kàn án lọ́jọ́ náà. Kí o sì máa ṣàn án títí omi yóò fi padà di omi. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ nìyẹn, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ rèé. Nígbà tí mo ń fẹ́ ìyá rẹ, ewú ti yọ níwájú orí mi bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ìdílé wa ni ewú ń tètè bá, kì í dúró de ọjọ́ orí. Ẹ̀rù bà mí pé bàbá rẹ̀ yóò ní òun kò lè fi ọmọ fún àgbàlagbà. Lọ́jọ́ tí a máa lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi, mo ha èédú ìdí ìkòkò, mo fi òrí pò ó, mo fi pa ewú náà. Ó dúdú! Mo wo ara mi, mo ní ta ló dà bí èmi. A dé oko, a bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè. Oòrùn mú, òrí yọ́, òógùn dé. Èédú ṣàn wọ ojú mi, ó gba imú, ó dé àyà. Èmi kò mọ̀, agbára ni mo ń fi han àna.

Ìyá rẹ gbé omi mímu wá. Ó dúró, ó wò mí, ó sì ké sí àwọn obìnrin tó kù: "Ẹ wá wò ó o! Ọkọ wa ń yọ́!"

Bàbá rẹ̀ yí padà. "Ṣé ojú rẹ ló ń sun ẹkún èédú ni, àbí kí lèyí?"

Ẹgbẹ́ mi kò lè mú ọkọ́ mọ́ nítorí ẹ̀rín. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jà tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá tirẹ̀ máa ń ra làálì lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlọrin, ó sì mọ̀ ọ́n lò. Ó ní kí n jókòó. Ó fi làálì sí orí mi, ewú náà pọ́n bí iná. Mo fẹ́ sá. Ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ ọkùnrin yìí, kò tíì tán." Nígbà tó ṣàn án tán, ó gún ewé ẹ̀lú tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró, ó fi lé orí pupa náà. Nígbà tí a tún ṣàn án, ewú mi dúdú bí kóró iṣin, ó sì dúró. Òógùn kò lè mú un. Gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀, òun nìkan ló mọ ohun tó wà lábẹ́ dúdú orí mi. Ọ̀pọ̀ yín rò pé n kò lẹ́wú nígbà náà.

Nítorí náà, má fi ìkánjú pa àwọ̀ mọ́ orí. Èyí tí a bá fi ìkánjú pa, òógùn yóò sọ ọ́.

Èkejì, irun dúdú kì í pariwo làálì. Lórí ewú, làálì á pọ́n lójú ẹsẹ̀. Lórí irun dúdú, ó ń wọ inú dúdú náà ni, kì í lé e jáde. Nínú ilé, ìwọ kò ní rí nǹkan kan. Nínú omi àmù, ìwọ kò ní rí nǹkan kan. Bó o bá jáde sí oòrùn, àwọn ẹlòmíràn ni yóò rí i, bí epo tó ń yọ lójú ọbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Bí oṣù bá ti ń lé, tún un ṣe, yóò máa jinlẹ̀ sí i. O sọ fún mi pé ọkọ rẹ ní orí àbúrò òun obìnrin ń dán lóòrùn, pé ìdí tí o fi ṣe é nìyẹn. Ó dára. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọmọbìnrin yẹn ti ń lo làálì, ìwọ fẹ́ bá a dọ́gba kí ilẹ̀ tó ṣú. Sùúrù, Àlàkẹ́. Orí dúdú rẹ náà ni ọkọ rẹ rí kó tó ní òun yóò fẹ́ ọ. Àna mi, ẹ ka ibẹ̀ yẹn sókè kí Sùlé ọmọ yín gbọ́.

Ẹ̀kẹta, bó o bá fẹ́ ṣe ohun tuntun nílé ọkọ, sọ fún ẹnì kan. Kò di dandan kí o gba àṣẹ, ṣá ti sọ ọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyá rẹ, mo lọ sùn ní ahéré oko láìsọ fún un, mo ní ọkùnrin ni mí. Ìyá rẹ kó bàbá rẹ̀ àti gbogbo agboolé wọn wá inú igbó, wọ́n ń pe orúkọ mi bí ẹni ń pe ajá ọdẹ tó sọnù. Mo jí, mo rí àna mi pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò bá mi jà. Ó kàn sọ pé, "Ṣé oorun náà dùn?" N kò tún ṣe é mọ́ láéláé. Ilé tí èèyàn bá wà, kì í ṣe ihò òkété tí à ń wọ̀ tí à ń jáde láìkí ẹnikẹ́ni.

Èyí tó kàn... Àáfà, ìkélòó ni a dé? Ó ní ẹ̀kẹrin. Ìyá Ràbí ni. Mo gbọ́ pé o ti fún un lórúkọ, o ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́jẹ̀, àwọn ọmọdé ilé sì ti ń fi kọrin. O jogún ẹnu ìyá rẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n fi orúkọ yẹn sílẹ̀ lónìí. Nígbà tí mo jẹun tán, mo lọ bá obìnrin náà níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìtìjú kò jẹ́ kó jáde. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí, mo fi òfo dá yín lágara."

Mo ní, "Ìyá Ràbí, ta ni ẹ rò pé ó ń kú nígbà tí ẹ pariwo?"

Ó ní, "Àlàkẹ́ ni."

"Ẹ sì fẹ́ kó kú?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Bàbá!"

Mo ní, "Nígbà náà, ẹ̀yin ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ìyáálé tó bá rí omi pupa nísàlẹ̀ balùwẹ̀ ìyàwó, tó fi ẹsẹ̀ gbé e kọjá, tó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, òun ni kí o sá fún. Èyí tó pariwo, fọ aṣọ fún un. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ kú, gbogbo ilé ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní kí àwọn má dẹ́rù ba ọkọ. Mo wà níta, mo ń fi ọwọ́ tú okùn iṣu. Ẹnikẹ́ni kò pariwo sí mi létí.

Àáfà dá gègé dúró níbí. Ó ní ṣé kí òun kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ sọ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lójú ọ̀nà, nígbà tí mo ń padà bọ̀ pẹ̀lú kíjìpá náà lábẹ́ apá, mo bi ara mi pé kí ló dé tí ọmọ Àṣàkẹ́ kò mọ làálì yàtọ̀ sí osùn. Igi làálì kan wà lẹ́yìn ilé wa, ìyá rẹ ló gbìn ín. Àjíkẹ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ló ń bá a gún un. Ìwọ ń bá mi lọ sóko nígbà náà, ìyá rẹ sì ní bó o bá tó ọmọge tán, òun yóò kọ́ ọ. O tó ọmọge tán, kò sí níbẹ̀. Èmi náà sì ní kí ẹnikẹ́ni má já ewé igi yẹn níṣojú mi. Ohun tí ikú kó lọ nílé wa kì í ṣe èèyàn nìkan. Gbogbo ohun tí ìwọ ì bá bi í ló kó lọ. Nítorí náà, máa béèrè. Má wo inú omi àmù. Àmù kì í kọ́ni. Ohun tó bá rú ọ lójú nípa irun, nípa ọkọ, nípa oyún, ránṣẹ́ béèrè.

Ṣùgbọ́n má ṣe rán an sí mi.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ èyí dáadáa kí o má baà bínú. Mo ti rìn ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú aṣọ òkú lábẹ́ apá, ó sì jẹ́ làálì. N kò lè rìn ín mọ́. Nígbà tí mo dé ilé, mo rò pé kí n ní kí wọ́n dá ọ padà sí Òmù kí o wá bímọ lójú mi. Àjíkẹ́ bi mí léèrè: "Lójú yín, Bàbá? Kí ni ojú yín fẹ́ ṣe fún un?" Ọmọ yìí máa ń béèrè ohun tó yẹ, láti ọjọ́ tó ti bi Sálíù léèrè òórùn omi. Èmi ni n kò gbọ́. Nítorí náà, mo ti fi ọ sílẹ̀ ní ilé ọkọ rẹ, ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n pariwo. Àjíkẹ́ ni yóò wá bá ọ kí oṣù rẹ tó pé. Yóò mú ewé làálì tó ti gbẹ dání, àti ìyarun ìyá rẹ, àti kíjìpá yẹn. Má ṣe sá fún aṣọ náà. Òun ni kí o fi pọn ọmọ. Àṣàkẹ́ kò hun ún fún ilẹ̀.

Ohun tó wà lórí mi nìyí o: làálì ni. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú, orí mi ti funfun pátápátá, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí mo dé ni mo ké sí Àjíkẹ́ pé kó já ewé igi náà. Kò bi mí ní ìdí. Ó sá a gbẹ, ó gún un; láàárọ̀ yìí ló kùn ún, ó fi ewé kókò wé e, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, bó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àáfà ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní mo dà bí òrìṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ. Mo ní kó rọra, kó kọ̀wé. Ẹ̀lú ni yóò tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ yóò sì bá bàbá àgbà tí orí rẹ̀ dúdú lọ́jọ́ ìkómọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ránṣẹ́ sí mi, nígbà tí ọmọ bá ti ké. Èmi yóò fi ọ̀pá rìn wá.

Àwọn ewúrẹ́ ti ń wọlé. Àjíkẹ́ dé, ó ti gbé igbá omi. Ó ti tú ewé kókò. Ó ní kí n tẹrí ba. Omi náà ń ṣàn gba iwájú mi lọ, ó pọ́n, ó ti dé ìka ẹsẹ̀ mi. Mo ń wò ó, Àlàkẹ́. Ó ń rùn bí ewé.

Àáfà, kọ èyí fún ẹni tó dúró lẹ́yìn mi, bí ó tilẹ̀ ń gbọ́ mi, kí Àlàkẹ́ lè mọ̀ pé mo sọ ọ́. Àjíkẹ́, àkọ́bí mi: bí ìránṣẹ́ bá ti Omupo dé, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Ìwọ ni kó bá sọ̀rọ̀, ìwọ ni kí o bi í léèrè ohun tó yẹ ká béèrè. Àbúrò rẹ àti oyún inú rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n wà lọ́wọ́ rẹ. Máa ṣàn án lọ. Omi náà kò tíì di omi.